Àpá Ara Mọ́tò

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò ní Òkèhò, Ìlérò, títí dé Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ìbáà jẹ́ Corolla tó ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ Hilux tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko. Ọ̀rọ̀ àpá ara mọ́tò ni. Ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko ń dá àpá sí mọ́tò lára, ọ̀kadà ń fara ha á nínú ọjà, ewúrẹ́ ń fi pátákò tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fà síbẹ̀ láràárọ̀, nígbà tí a bá mú àkísà gbígbẹ, tí a fi nu eruku ọyẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, nítorí ó ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó: kò sí ìpara tó ń dí àpá ara mọ́tò kí ó di odindi padà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo, tí wọ́n ní ó ń pa àpá rẹ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ha ọ̀dà tó yí àpá náà ká lọ díẹ̀díẹ̀, títí òkè ọ̀dà yóò fi bá ìsàlẹ̀ àpá dọ́gba. Ẹ wo ẹni tí kòtò kékeré kan wà láàárín àgbàlá rẹ̀, tí kò rí erùpẹ̀ dí i, tó wá fi ọkọ́ ha gbogbo àgbàlá náà wálẹ̀ títí kòtò fi pòórá. Kòtò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbàlá náà ti lọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí a tó béèrè ohun tí a ó fi nù ún, ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: kí ni wọ́n fi ṣe ibi tí àpá náà wà, báwo ni àpá náà sì ṣe jìn tó?

Ara irin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà àti búùtù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà lójú títì lónìí, ìpele mẹ́rin ló wà lórí irin rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ri gbogbo ara mọ́tò bọ̀ nínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n fi iná mànàmáná mú un lẹ̀ mọ́ irin kí ó má baà dípẹtà. Púráímà ló tẹ̀ lé e. Lórí púráímà ni àwọ̀ tí a ń rí wà, pupa ni o, funfun ni o, àwọ̀ eérú ni o. Lókè pátápátá ni kílíà, tí kò ní àwọ̀ kankan, tó ń mú kí mọ́tò máa dán, tó sì ń gba ìyà oòrùn jẹ kí àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ má baà ṣá. Bí a bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọn kì í sábà ju máíkírónì 100 sí 150 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 sí 50 lọ. Irun orí ọ̀pọ̀ nínú wa nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tí a ní láti máa ha nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé mọ́tò rẹ̀ lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ pọ́líìṣì yí i lára ní gbogbo ọdún iléyá àti ọdún Kérésìmesì, kílíà ló ń ná, kílíà kì í sì í hù padà.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ní kílíà o. Nígbà tí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ń gbé àwọn àgbà wa láti Òkèhò lọ sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló jẹ́ pé àwọ̀ náà ló wà lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò tí wọ́n tún kùn lówó pọ́ọ́kú lónìí. Láti mọ̀, ẹ mú aṣọ funfun, ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ sí i, kí ẹ rọra fi nu ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ mọ́tò bá yí aṣọ náà, kò sí kílíà níbẹ̀, ara àwọ̀ gan-an lẹ ń ha. Ẹ rọra.

Ó ku bí àpá ṣe jìn tó. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́ ná, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àpá, ọ̀dà ọ̀kadà tàbí ti ògiri ló lẹ̀ mọ́ mọ́tò wa lára, ó sì ń ṣí lọ tí a bá fi pọ́líìṣì díẹ̀ nù ún. Bí ó bá ṣì wà, ẹ bu omi sí i. Tó bá pòórá nígbà tí ibẹ̀ tutù, tó tún yọjú nígbà tó gbẹ, inú kílíà ló mọ. Etí àpá náà ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ìyẹn la fi ń rí i ní funfun. Omi dí i, ìmọ́lẹ̀ wá ń gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra mọ́tò, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí omi ń ṣe yìí náà ni ọ́ílì ń ṣe, ọ́ílì kì í sì í tètè gbẹ. Bí mọ́tò tí wọ́n gbé síwájú yín bá ń dán yinrin, tí eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́nà tí kò yé yín, ẹ ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn omi, èékánná. Ẹ fi èékánná kọjá lórí àpá náà ní ìbú, jẹ́jẹ́. Bí èékánná kò bá kọ́, àpá náà ṣeé pa. Bí ó bá kọ́, ó ti jìn ju ohun tí a lè ha tán láìha kílíà tán. Ibi tí ẹ bá sì ti rí púráímà tàbí irin, kò sí ìnukínù tó lè ran ibẹ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Ní ti èyí tí èékánná kò kọ́, ohun tó rọ̀ jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò síbi òjìji, kí irin rẹ̀ tutù. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ sára fóòmù tàbí aṣọ microfiber, ẹ nù ún, ẹ wò ó. Bó bá kù, ẹ wá lo rọ́bíìn-kọ́ńpáùǹdì, tó mú ju pọ́líìṣì lọ, kí ẹ tún padà wá fi pọ́líìṣì parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpá tí àkísà fà kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó bá le ju ìyẹn, sáńpépà ni, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹ bá dúró ti pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Sáńpépà nọ́ńbà 2000 rẹ̀ ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Kì í fi ìka tẹ̀ ẹ́, nítorí ìka a máa gbẹ́ kòtò. Ó wé e mọ́ rọ́bà pẹlẹbẹ kan, ó sì ń fà á lọ fà á bọ̀ ní títọ́, kì í fi yípo. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa da omi sí i, yóò sì wo omi tó ń ṣàn wálẹ̀. Bí omi náà bá funfun bí omi ògì, kílíà ló ń ha, ó lè máa lọ. Bí omi náà bá mú àwọ̀ mọ́tò, ó ti dé ibi tí kò yẹ kó dé, ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ti lẹ téèpù mọ́ etí ilẹ̀kùn àti gbogbo igun tó yọrí, nítorí orí igun ni ọ̀dà ti ń fẹ́lẹ́ jù. Lẹ́yìn 2000, ó mú 3000. Ibẹ̀ yóò ṣú dùdù, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Kọ́ńpáùǹdì àti pọ́líìṣì ni yóò mú un dán padà. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wò ó lè rò pé sùúrù ọ̀gá ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù o.

Àpá tó bá dé irin, ọ̀rọ̀ ìpẹtà ló kù níbẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ó lè dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, omi yóò wọ abẹ́ ọ̀dà láti ojú kékeré yẹn, ìpẹtà yóò sì máa rìn lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí ọ̀dà yóò fi wú. Nítorí náà, kódà tí kò bá sí owó pẹ́ńtà, ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ fá ìpẹtà ibẹ̀ kúrò, ẹ fi púráímà irin díẹ̀ kàn án. Kò ní rẹwà, ṣùgbọ́n yóò dúró títí owó yóò fi dé.

Bí owó bá wà, ẹ wá ọ̀dà tó bá tiyín mu gan-an. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ ó rí C/TR lórí irin pẹlẹbẹ tàbí bébà tó wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ọ̀dà: 040 jẹ́ funfun, 202 jẹ́ dúdú, 1F7 jẹ́ sílífà. Ẹ gbé nọ́ńbà yìí lọ bá àwọn tó ń po ọ̀dà ní Ìbàdàn tàbí níbikíbi tí wọ́n bá ti ní ìwé àwọ̀. Ẹ gbé mọ́tò náà dání tó bá ṣeé ṣe, nítorí oòrùn ti ṣá tiyín díẹ̀, ojú ni yóò sì parí ohun tí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀. Igi ìtayín kan tó láti fi kan ọ̀dà náà sínú àpá. Ẹ kàn án díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kàn, lẹ́yìn náà ni kílíà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ṣé kí n má kúkú kun gbogbo ilẹ̀kùn náà? Ẹ ronú sí i dáadáa. Gbogbo ẹni tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ mọ iye tí fọ́ọ̀sì bọ́dì, ìyẹn ara tí wọn kò tíì tún kùn rí, ń fi kún owó mọ́tò. Ẹni tó ń rà á kò mọ̀ bóyá nítorí ìha kékeré lẹ ṣe kun ilẹ̀kùn, tàbí nítorí pé mọ́tò náà ti yí gbirigbiri rí. Àpá kékeré tí a tún ṣe níwọ̀n dára ju ilẹ̀kùn tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ìyókù dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lára irin. Bọ́ńpà kì í ṣe irin mọ́ lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, rọ́bà ni. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe é kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ òun bí kò ṣe pé a kọ́kọ́ fi púráímà ti rọ́bà sí i. Ìdí rèé tí bọ́ńpà tí wọ́n kùn lóṣù tó kọjá fi ń bó bí ẹ bá ti fi omi tó le fọ̀ ọ́. Bọ́dìfílà tí wọ́n ń lò fún irin kò yẹ ibẹ̀ pẹ̀lú: bọ́ńpà ń tẹ̀, fílà yẹn kì í tẹ̀, yóò là ni. Ẹni tó bá sì ń fi ẹ̀rọ pọ́líìṣì nù ún, kó máa gbé e kúrò lóòrèkóòrè, nítorí irin a máa gbé ooru lọ, rọ́bà a máa tọ́jú rẹ̀ sójú kan, ọ̀dà á sì jó. Ibi dúdú tí wọn kò kùn rárá nísàlẹ̀ bọ́ńpà, ẹ má fi kọ́ńpáùǹdì kàn án. Yóò wọ inú ojú rẹ̀ lọ, yóò gbẹ ní funfun, ìyọkúrò rẹ̀ yóò sì di wàhálà.

Iná iwájú ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó kan ẹ̀mí. Ojú iná tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ti ṣú bí ẹni tí ojú ń dùn kì í ṣe gíláàsì. Ike polycarbonate ni. Ike yìí lágbára, òkúta kì í tètè fọ́ ọ, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ohun kan bò ó lójú ní ilé iṣẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn wa yìí ń jẹ ìbòjú náà, yanrìn ń gbá a, bẹ́ẹ̀ ni iná ń kú lọ láìjẹ́ pé gílóòbù bàjẹ́. Ẹ wá wo ọ̀nà Ìlérò lálẹ́, tí màlúù lè máa kọjá, tí ọ̀kadà tí kò ní iná ẹ̀yìn ń lọ níwájú yín.

Ó ṣeé tún ṣe. Ẹ lẹ téèpù yí iná náà ká kí ẹ má baà ha fẹ́ńdà. Ẹ fi sáńpépà 800 tàbí 1000 bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú omi púpọ̀, títí gbogbo pípọ́n rẹ̀ yóò fi tán tí ojú rẹ̀ yóò sì ṣú bákan náà láti etí dé etí. Ẹ bọ́ sórí 2000, ẹ bọ́ sórí 3000, kí ẹ wá fi pọ́líìṣì mú un mọ́. Yóò mọ́ kedere, inú yín yóò dùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ìbòjú tí ilé iṣẹ́ fi sí i lẹ ti ha kúrò yẹn. Bí ẹ kò bá fi kílíà tó ń dènà oòrùn bò ó padà, oṣù mélòó kan péré ni yóò tún fi pọ́n, nígbà míì á le ju ti àtẹ̀yìnwá. Bó bá sì jẹ́ pé inú ni ó ti là tàbí ni omi wọ̀, sáńpépà ìta kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tínà nu iná iwájú. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún. Á kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà á là wẹ́wẹ́ láti inú wá, kò sì sí àtúnṣe. Ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohun líle wẹ́wẹ́ nínú lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń mú iná mọ́ díẹ̀, tó sì lè pa àpá tó fẹ́lẹ́ gan-an lára ọ̀dà. Ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n ṣe é fún, eyín sì le ju ọ̀dà lọ fíìfíì. Ní ti omi búréèkì tí àwọn kan ń gba ara wọn níyànjú láti lò, ọ̀dà ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí gíláàsì. Ní 1812, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Mohs to àwọn òkúta sí ipò mẹ́wàá, láti orí èyí tó rọ̀ jù dé èyí tó le jù, ó sì wo èyí tó lè ha èyí. Quartz, tó pọ̀ nínú yanrìn, wà ní ipò keje. Gíláàsì wà ní nǹkan bí ipò márùn-ún ààbọ̀. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti apá Chad àti aṣálẹ̀ Sàhárà ń kó eruku tí quartz wà nínú rẹ̀ bọ̀, eruku ọ̀nà pupa tiwa náà sì ní in. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, tí ẹ bá wọ mọ́tò tí ẹ sì yí wáípà sórí gíláàsì gbígbẹ, ohun tó le ju gíláàsì lẹ ń fi rọ́bà wọ́ lé e lórí. Àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tó wà níwájú awakọ̀, tó ń tàn yanran tí iná mọ́tò míì bá kọjú sí i lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń dé síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ da omi sí gíláàsì ná. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà wáípà tí oòrùn ti sọ di gbígan.

Ìlà gíláàsì tí èékánná kò kọ́ ṣeé fi ìyẹ̀fun cerium oxide àti omi pa, pẹ̀lú sùúrù púpọ̀, kí ẹ sì máa fi omi tù ú lára kí ó má baà gbóná. Èyí tí èékánná kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ gíláàsì. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ha á tán, ojú gíláàsì yóò rì níbẹ̀, títì yóò sì máa wọ́ lójú yín. Bó bá jẹ́ tíńtì ló ní àpá, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ni. Ẹ ká a kúrò, ẹ lẹ òmíràn.

Èyí tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ríìmù alumíníọ́ọ̀mù ṣeé fi sáńpépà tọ́ etí rẹ̀ tó ti họ, kí wọ́n sì fín kílíà lé e. Kúróòmù kò ṣeé ha: fífẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, tó bá ti ká, ó ti ká. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní ojú wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, sáńpépà á sọ ọ́ di kíjìpá. Ìjókòó aláwọ inú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, rọ́bà ni, kò ní ju kí a kun àwọ̀ rẹ̀ padà lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n inú mọ́tò, aṣọ rírọ̀ tó tutù nìkan, kò sí pọ́líìṣì kankan.

Mo bẹ̀ yín nítorí àkísà àárọ̀ yẹn. Omi ni kí ó kọ́kọ́ gbé eruku sọ̀ kalẹ̀, láti òrùlé wá sísàlẹ̀, kí ọwọ́ tó kàn án. Mo mọ̀ pé omi wọ́n ní àsìkò ọyẹ́. Bí omi bá wọ́n, ẹ jẹ́ kí eruku wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìfọ̀. Eruku tó jókòó kì í ha nǹkan kan. Ẹ fún àwọn tó ń fọ mọ́tò ní bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún fífi omi ṣan fóòmù, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe mú fóòmù tó bọ́ sílẹ̀ lò láìṣàn án.

Ẹ̀yin ọ̀gá pẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, tiyín ni. Kílíà tí a ń po mọ́ hádínà ní isocyanate nínú. Bí a bá ń fà á símú, ó lè sọ ẹni tí èémí rẹ̀ dá ṣáṣá di alásímà, ẹni tó bá sì ti mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń ta á jí lọ́jọ́ iwájú. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ fi dí imú kò dá a dúró rárá. Ẹ ra ìbòmú tó ní èédú àsẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn, kí ẹ máa pààrọ̀ àsẹ́ rẹ̀ kó tó kún, bí àyè bá sì gbà yín, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti òkèèrè ló dára jù. Ẹ máa fi omi lo sáńpépà dípò gbígbẹ. Ẹ máa fín ọ̀dà níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e lọ síhà igbó, kì í ṣe síhà ìyá tó ń ta oúnjẹ. Kí àwọn ọmọ náà sì fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó jẹun. Àwọn òbí wọn fi wọ́n sọ́dọ̀ yín kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn gbọ́dọ̀ bá wọn gba fírídọ̀mù.